Ọ̀nà Tó Gba Iwájú Ilé Jàfárù

Bàtà ọkùnrin náà ni Mọ̀dínátù kọ́kọ́ rí kí ó tó rí òun fúnra rẹ̀. Ó so okùn bàtà méjèèjì pọ̀, ó gbé wọn kọ́ ọrùn, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń bá du ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òjò ti sọ ojú ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ di àbàtà. Ó mú téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di èèkàn igi mọ́ abíyá. Nígbà tó dé ọ̀gangan ṣọ́ọ̀bù Mọ̀dínátù níwájú ilé bàbá rẹ̀, ẹrẹ̀ gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kò sì dá a padà. Ó fà á títí, ó wá jókòó sínú omi.

Mọ̀dínátù ń ránṣọ lọ́wọ́. Ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ṣé ẹ ti wọn ibẹ̀ tán, àbí ẹ ṣì fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ẹrẹ̀ ti dé irùngbọ̀n rẹ̀. "Mo ti mọ bó ṣe jìn tó. Bí mo ṣe máa jáde ni mi ò mọ̀."

Mọ̀dínátù fà á jáde, ó bu omi fún un. Èèkàn ti fa ṣòkòtò rẹ̀ ya láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, Mọ̀dínátù bá nawọ́ ìró ara rẹ̀ kan sí i. Báyìí ni ọkùnrin tó wá wọn ọ̀nà ṣe jókòó sórí àpótí, tó ró ìró aláró mọ́dìí, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń rán ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó yẹ yín," ni Mọ̀dínátù wí láìgbójú sókè.

"Má sọ fún àwọn ọmọ iléèwé mi, jàre."

Ṣàfíù lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odò. Bàbá rẹ̀ kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀ kó tó kú, òun ló sì jókòó sí àyè bàbá rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò. Nítorí pé òun ló kéré jù níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé.

Ọdún 1989 nìyẹn. Ní Ayọ̀bọ̀ ayé ìgbà náà, oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà láàárín ilé sí ilé, olúkúlùkù onílé sì ni ìjọba ara rẹ̀: ìwọ lo máa gbẹ́ kànga rẹ, ìwọ lo máa kó yẹ̀pẹ̀ dí kòtò iwájú ilé rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, káńsù ránṣẹ́ pé àwọn lè ṣe ohun kan fún àdúgbò, kí ìgbìmọ̀ yan ọ̀kan: ẹ̀rọ omi tàbí ọ̀nà. Bí wọ́n bá mú ọ̀nà, òfin rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó wà níwájú ilé lápá ibi tí ọ̀nà máa gbà gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn kí katapílà tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán Ṣàfíù jáde pẹ̀lú téèpù.

Nígbà tó wọ ṣòkòtò rẹ̀ tán, ó nàka sí òkìtì kékeré kan létí ẹrẹ̀, tí wọ́n fi bíríkì yí ká, tí wọ́n sì kùn ní ẹfun.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìyá mi ni," ni Mọ̀dínátù dáhùn.

Àyìnkẹ́ lorúkọ ìyá náà. Ìrọbí ló mú un láàárín òjò, nígbà tí Mọ̀dínátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kan pé kí ó gbé e dé Command, níbi tí ọ̀nà gidi wà. Ọkọ̀ náà rì kó tó rìn jìnnà. Àwọn ọkùnrin tì í títí agbára fi tán nínú wọn, ni wọ́n bá gbé Àyìnkẹ́ lé orí ilẹ̀kùn tí Jàfárù ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún oníbàárà, wọ́n sì gbé e lé èjìká. Mọ̀dínátù di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú bí wọ́n ti ń lọ. Ọwọ́ náà tutù kí wọ́n tó dé ibi tí ilẹ̀ ti le. Tòun toyún inú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wálé. Iwájú ilé ni Jàfárù gbẹ́ sàréè sí, ó ní òun fẹ́ kí ìyàwó òun máa gbọ́ ìró ayùn òun.

Ṣàfíù gbọ́ ìtàn yìí tán, ó ká téèpù rẹ̀, kò sì wọn ohunkóhun mọ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni bọ́tìnnì ẹ̀wù Ṣàfíù ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lónìí ti ọrùn, lọ́la ti ọwọ́. Mọ̀dínátù mọ̀ dájú pé ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń já wọn, ṣùgbọ́n ó ń rán wọn padà.

"Tíṣà, ẹ̀wù yín yìí ti di bọ́tìnnì lásán o. Ẹ ò ṣe ra òmíràn?"

"Bí mo bá ra òmíràn, kí ni mo máa wá ṣe níbí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo gan-an lo máa yé kí mi bí ẹni ń kí bàbá rẹ̀?"

"Tíṣà ni yín."

"Mi ò kọ́ ẹ níwèé rí, Mọ̀dí. Sọ pé 'o'."

Ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́. Ọjọ́ tó sọ ọ́, tó ní, "O ti jẹun?", ìtìjú mú un débi pé ó yíjú sí máṣíìnì, ó sì rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà pa.

Jàfárù kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó sì ti wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ ra ilẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí Ṣàfíù pé kó bá òun di ìdí pákó mú bí òun bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Mọ̀dínátù tó mọ bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ìyọ̀ǹda ni. Wọ́n ti fẹnu kò pé lẹ́yìn Iléyá, àwọn ẹbí Ṣàfíù á wá láti Ìbàdàn wá mọ ilé.

Kí Iléyá tó dé, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, alága ìgbìmọ̀, kéde pé ọjọ́ ìdìbò ti dé. Àwọn mẹ́ta ti ní omi làwọn fẹ́, àwọn mẹ́ta ti ní ọ̀nà. Ṣàfíù ló ṣẹ́ kù.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Kò sí bọ́tìnnì kankan tó já lọ́jọ́ náà.

"Mọ̀dí, ọ̀nà ni mo máa mú lọ́la."

Máṣíìnì dákẹ́. "O ti sọ fún bàbá mi?"

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

"Ṣé ọ̀nà náà ò lè yà gba òdìkejì ni?"

"Èmi àti àwọn ará káńsù ti rìn ín ká. Àbàtà ni òdìkejì, ọ̀nà ò lè dúró níbẹ̀. Mo wá a, Mọ̀dí. Ọlọ́run mọ̀ pé mo wá a. Inú ọmọlanke ni ìyàwó tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi bímọ sí lóṣù tó kọjá, láàárín ẹrẹ̀. Ọmọ náà ò yè."

Ohun tó ń dun Mọ̀dínátù jù ni pé òun gan-an mọ̀ pé òótọ́ ni. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tutù sí lọ́wọ́?

"Ọ̀nà yìí ló pa ìyá mi," ó ní níkẹyìn. "Ẹ wá fẹ́ kó tún gorí rẹ̀ kọjá. Ẹ máa lọ sílé, Tíṣà."

Ṣàfíù gbọ́ "ẹ" náà. Ó dìde bí arúgbó, ó sì lọ.

Nínú kíláàsì kan ní iléèwé ni wọ́n ti dìbò lọ́jọ́ kejì, àwọn ará àdúgbò sì kún ojú fèrèsé. Jàfárù dúró lẹ́nu ọ̀nà, Mọ̀dínátù wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá yíjú sí akọ̀wé.

"Ṣàfíù, ìwọ ńkọ́?"

Ṣàfíù wo Jàfárù, kò gbé ojú sá. "Ọ̀nà ni mo mú, sà."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Jàfárù dé fìlà rẹ̀, ó sì rìn lọ sílé.

Ààfáà àdúgbò ní bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn, a lè gbé òkú kúrò pẹ̀lú ọ̀wọ̀ lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Ìgbìmọ̀ háyà lébìrà méjì. Àwọn lébìrà dé ibẹ̀, wọ́n wo sàréè, wọ́n wo Jàfárù tó kọ̀yìn sí wọn lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe bí kì í bá ṣe pé Ṣàfíù bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó mú ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíríkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mọ̀dínátù wà nínú ilé, ó ń rán aṣọ funfun tí wọ́n máa di ìyá rẹ̀ sí. Ó ń gbọ́ ìró ọkọ́. Nígbà tó ṣe, kò gbọ́ ọ mọ́, ó bá gbé aṣọ náà jáde. Ṣàfíù ti sọ ọkọ́ nù, ọwọ́ lásán ló fi ń kó yẹ̀pẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn. Eegun kéékèèké wà láàárín àwọn eegun ńlá. Ó kó wọn pọ̀, kò ya ọmọ kúrò lára ìyá. Mọ̀dínátù tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún un, ojú wọn sì pàdé.

Nígbà tí wọ́n sin Àyìnkẹ́ lẹ́ẹ̀kejì tán, Ṣàfíù dọ̀bálẹ̀ fún Jàfárù nínú erùpẹ̀.

"Dìde," ni Jàfárù wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "O ò purọ́ fún mi, o ò sì sá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wú ìyàwó mi nílẹ̀ kò lè gba ọmọ mi. Má bínú."

Katapílà wá, ọ̀nà là. Mọ̀dínátù gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹbí Ṣàfíù wá láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì wá bẹ̀bẹ̀. Jàfárù fún wọn ní obì àti omi tútù, ó sì sìn wọ́n sọ́nà pẹ̀lú ẹ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Mọ̀dínátù ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé Ṣàfíù jàre, pé kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ń jókòó níwájú ilé lálaalẹ́, tó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́, kò sì lè gbé ẹsẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ṣàfíù pé kó wá ẹlòmíràn fẹ́.

Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n pàdé ní Command, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀.

"Wọ́n ní ẹ ti fẹ́yàwó," ni Mọ̀dínátù wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ṣàfíù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò fẹ́ ẹnì kankan, Mọ̀dí."

Ọkọ̀ dé, Ṣàfíù gba Mọ̀dínátù láyè kó wọlé, òun sì dúró de òmíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, ẹ̀gbà gba apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Jàfárù nídìí iṣẹ́. Aládùúgbò kan gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n gba ojú ọ̀nà tuntun náà, ọkọ̀ kò sì dúró títí wọ́n fi dé ọsibítù. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lórí ibi tí sàréè Àyìnkẹ́ wà tẹ́lẹ̀, Mọ̀dínátù tó gbé orí bàbá rẹ̀ lé ẹsẹ̀ rí i pé ó di ojú.

Wọ́n gbé e padà wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó hàn pé kò ní pẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n pe tíṣà wá. Ṣàfíù wá, ó kúnlẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu Jàfárù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí n má ráàyè ṣe é mọ́."

"Mo gbọ́, sà."

"Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí dá wà. Ó ti bá mi jókòó tó." Ó gbé ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi í lé ọwọ́ Ṣàfíù. "Ẹ pe ààfáà."

Nínú yàrá náà ni wọ́n ti so yìgì. Kò sí ìlù, kò sí àlejò, àfi ààfáà, àwọn ẹlẹ́rìí, méjì nínú ẹbí Ṣàfíù láti Ìbàdàn, àti Bàbá Ọdẹ́tọ́lá tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń nu ojú. Nígbà tí ààfáà béèrè bóyá bàbá ìyàwó gbà, Jàfárù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kú kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Àyìnkẹ́ ni wọ́n sin ín sí.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti tú ká ní itẹ́ òkú, Mọ̀dínátù dúró, ọkọ rẹ̀ sì dúró tì í.

"Ṣàfíù."

"Mọ̀dí."

"Bí wọ́n bá tún dìbò yẹn lónìí, kí lo máa mú?"

Mọ̀dínátù mọ̀ pé ó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tu òun nínú, ó sì ń retí bóyá á ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀nà ni," ni Ṣàfíù wí.

Omi bọ́ lójú Mọ̀dínátù. Ó fi etí ìborùn nù ún, ó sì gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò léjìká aṣọ ọkọ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Jẹ́ ká lọ sílé. O ò tíì jẹun látàárọ̀."