Agbẹ̀bí àti Ọkọ̀ Tó Ń Hó

Ẹni tó bá rí agbẹ̀bí náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn yóò rò pé ọkọ̀ rẹ̀ ló ń rọbí. Ooru funfun ń rú túú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òun náà dúró tì í nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti tú ìborùn rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ẹ́ńjìnnì kíkankíkan. "Rọra, jọ̀ọ́," ló ń sọ fún un. "Rọra."

Ó ti na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹnì kan kígbe láti òdìkejì títì.

"Ẹ má ṣí i o! Omi gbígbóná á bó yín lójú!"

Ọkùnrin kan ló ń sáré bọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí aago kún ara ògiri rẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń hewú. Gíláàsì tó fi ń wo inú aago ṣì wà lójú ọ̀tún rẹ̀, ó ti gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ojú kan tóbi bí ti òwìwí, èkejì ń ṣẹ́ wàìwàì. Inú ń bí agbẹ̀bí, síbẹ̀ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Olójúkan."

Ọkùnrin náà sáré yọ gíláàsì, ojú tì í. "Ojú méjì ni mo ní, mà. Ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ni."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù títí ẹ́ńjìnnì fi rọlẹ̀. Níbẹ̀ ni agbẹ̀bí ti gbọ́ pé ó ti di ọdún mẹ́jọ tí ìyàwó atúnaagoṣe ti kú, wọn ò sì bímọ. Òun náà sọ pé olóògbé ọkọ òun ló fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún òun àti ọmọbìnrin òun kan ṣoṣo. Ọdún kẹrin rèé.

Atúnaagoṣe fọwọ́ tẹ̀ lé rọ́bà omi tó ti rédíétọ̀ wá, títí dé ibi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì. "Ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná gan-an, àmọ́ rọ́bà yìí ò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Omi ò kọjá. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbí, tẹmósítáàtì ni wọ́n ń pè é. Tí omi bá gbóná tán, á ṣí kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ti yín ti há."

"Ẹ lè tún un ṣe?"

"Bí nǹkan bá ti kéré, ọwọ́ mi ká a."

Ọkọ̀ náà ti pẹ́ láyé, ẹ̀yà rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àwọn méjèèjì fi wá tẹmósítáàtì kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rí i, ọlọ́jà ní, "Bàbá, ẹ dá ìyàwó yín lóhùn, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú wọn. Wọ́n rìn padà lọ wọ bọ́ọ̀sì, inú agbẹ̀bí sì dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ nínú. Tísà ni, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀ bí ojú. Lọ́jọ́ Sátidé tí atúnaagoṣe gbé sípánà dé, ọmọ náà káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ṣé kò sí mẹkáníìkì mọ́ ni?"

"Ọkọ̀ ni mo ní kí wọ́n wá tún ṣe, kì í ṣe ọkọ ni mo ń wá."

Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ.

Àwọn méjèèjì ń tàkúrọ̀sọ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Agbẹ̀bí ń sọ ìtàn bàbá ìkókó kan tó dákú kí ìyàwó rẹ̀ tó rọbí rárá, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Atúnaagoṣe ń wò ó. Ó ki tẹmósítáàtì bọ ibẹ̀, ó dé e padà, ó de bóòtù méjèèjì, ó nu ọwọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n pe agbẹ̀bí sọ́dọ̀ aboyún kan tí ilé rẹ̀ jìnnà. Ní àárín òkè, ọkọ̀ hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kú. Ó gbé báàgì, ó sáré. Nígbà tó débẹ̀, orí ọmọ ti yọ, ìwọ́ sì ti yí i lọ́rùn. Ó tú u. Ọmọ ké. Agbẹ̀bí jáde síta, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Láti ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù aago ló gbà lọ.

"Ọkọ̀ tẹ́ ẹ tún ṣe kú sórí òkè. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí i," ó ní, "ọmọ yẹn ì bá ti lọ."

Atúnaagoṣe dìde. "Èmi ni mo ṣe é. Mi ò ní àwíjàre."

"Ẹ má wá sílé mi mọ́."

Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà wálé, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé kó má bàa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ rẹ̀ kò sọ pé "ṣebí mo ti wí." Ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ti ń tọ́ oúnjẹ wò tó ń gbé e tì, àánú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ní Sátidé kẹrin, atúnaagoṣe dúró lẹ́nu géètì. Ọmọ náà ló ṣí i.

"Mo wá bẹ̀bẹ̀," ó ní. "Mo gbé tẹmósítáàtì yẹn sódì. Sípíríǹgì rẹ̀ ló yẹ kó kọjú sínú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ìyá rẹ ló ń rẹ́rìn-ín, ojú mi ò sí lára iṣẹ́."

Tísà na ọwọ́ gba sípánà rẹ̀. "Èmi ni màá tú u lónìí. Ẹ máa sọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Bóòtù kan há. Ó fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. "Da epo sí i, kó o sinmi," ni atúnaagoṣe wí jẹ́jẹ́. "Ó máa gbọ́." Ó sì gbọ́. Nígbà tí ohun kékeré náà jáde sọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìdí ẹ́ńjìnnì yìí rí."

"Ó ṣeé ṣe kó máa bẹ̀rù kó o má jó."

"Bóyá," ó ní, ojú rẹ̀ ti kún fómi.

Atúnaagoṣe ní kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó dá a padà. Wọ́n fi okùn so ó sínú omi tó wà lórí iná ní kíṣìnnì. Agbẹ̀bí ti ń fetí sí wọn láti yàrá. Ó jáde, ó dúró tì wọ́n. Orí mẹ́ta tẹ̀ sórí ìkòkò kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ilẹ̀kùn kékeré náà sì là díẹ̀díẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ó là!" ni tísà pariwo bí ọmọdé.

Agbẹ̀bí wo atúnaagoṣe. "Ẹ̀rín mi ló mú ojú yín kúrò lára iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

"Ẹ má gba ẹ̀bi mi mọ́ mi lọ́wọ́."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tísà gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn dúró ní àárín, kò mì.

"Mo fẹ́ máa bá yín gbé," ni atúnaagoṣe wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Agbẹ̀bí ń wo ìta. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti sin ọkọ kan. Mi ò mọ̀ bóyá mo lágbára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù."

Agbẹ̀bí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ bá ọmọ mi sọ ọ́," ó ní.

Atúnaagoṣe tẹ̀ síwájú. "Ọmọ mi, mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ. Ṣé o fọwọ́ sí i?"

Tísà kò yíjú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó mú ọkọ̀ rọra.

"Tí Màámi bá ń ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹun," ó ní. "Kẹ́ ẹ máa rán wọn létí."