Ọmọ Kẹfà Olóyè Mákánjúọlá

Ẹ má pe èyí ní àlọ́ o. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Old Market, ní Lọ́kọ́ja níbí. Ọ̀sán gangan ló sì bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òru.

Goodness ló ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú níbẹ̀. Bí gbajúmọ̀ kan bá kú, òun ni wọ́n ń gbé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wá fún: ilé ìwé tó lọ, oyè tó jẹ, iye ọmọ tó fi sílẹ̀. Kò sí òkú tí kì í ṣe èèyàn dáadáa nínú ìwé yẹn! Ibi orúkọ àwọn ọmọ ló máa ń dun Goodness, torí kò mọ bàbá tirẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣe oko ní Àgbájà, kò dárúkọ ọkùnrin náà fún un rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọlákúnlé gbé ìtàn bàbá rẹ̀ wá. Olóyè Mákánjúọlá ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Òkú rẹ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní mọ́ṣúárì. Goodness tẹ ẹ̀dà kan jáde kí ẹbí lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Iná lọ. Ó bọ́ síta lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹnu ọ̀nà gan-an ló wà, kò sì sí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tó padà wọlé, wọ́n ti fi tàdáwà aláwọ̀ ewé fagi lé "ọmọ márùn-ún". Wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀: *Mẹ́fà ni.* Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ kẹfà.

Ọlákúnlé dé nírọ̀lẹ́. Ó wo ìwé náà.

"Sista, ta ló kọ èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ̀yin ni."

"Ìkọ̀wé bàbá mi nìyí." Ó jókòó gbì. "Tàdáwà tó fi ń máàkì iṣẹ́ wa nìyí. Márùn-ún ni wá. Jọ̀ọ́, tẹ márùn-ún."

Ó lọ láìdágbére. Goodness ti ilẹ̀kùn, ó fi àgádágodo sí i.

Láàárọ̀, ó ṣí i. Ìwé náà wà níbi tó fi í sí. Àlàfo náà ti kún.

*Àṣàbí.*

Tàdáwà náà ò tíì gbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ ọn ní àtàǹpàkò.

"Yéè! Mo gbé!"

Oríkì rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo Lọ́kọ́ja. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi pè é.

Ó tẹ̀ ẹ́ láago.

"Màmá, ta ni bàbá mi?"

Adìẹ ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn?"

"Ta ni?"

"Mákánjúọlá. Ó wá bá mi lóko lálẹ́ àná. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! N ò kí i. Ó ní òun ò mọ orúkọ tí mo sọ ọ́. Mo ní Àṣàbí ni."

Goodness tún wo orúkọ tó wà nínú ìwé náà.

"Ó ti gbẹ jù," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ẹ́ lónìí. Àṣàbí, má bá a jà. Fún un ní àga."

Goodness wo àga àwọn oníbàárà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu eruku orí àga náà, ó sì jókòó tì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ wá. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Ó ṣì ní àwọ̀ ewé, kò sì tíì gbẹ.