Ta Ni Yóò Máa Gbé Màmá Dìde?

Onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá apá kan orí oníbàárà rẹ̀ tán ni fóònù dún.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo fẹ́ dìde o!"

Màmá rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú ní balùwẹ̀, kò lè dá dìde mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló ń sáré láti ṣọ́ọ̀bù wá gbé e, àwọn oníbàárà sì ti ń sá. Ta ló fẹ́ jókòó de ẹni tó ń fi orí èèyàn sílẹ̀ lábọ̀?

Ṣùgbọ́n oníbàárà tòní kò gbà. Tòun ti aṣọ ìfárí lọ́rùn ló tẹ̀ lé e délé.

"Ọ̀gá, ibi tẹ́ ẹ bá gbé abẹ lọ, ibẹ̀ lorí mi ń lọ."

Màmá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹni tí kò tíì fárí tán yìí ló fẹ́ gbé mi?"

"Rárá, màmá," ni onígbàjámọ̀ dáhùn. "Alágbàtà kan lórí fóònù ló fẹ́ bá wa mú ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa gbé yín wá láti òkè òkun. Físà àlejò ló máa fi wọlé, kíá ló máa dé. Ó ní kí n ṣáà gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí n tì í mọ́ àpótí."

Oníbàárà wúkọ́. "Ọ̀gá, ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà. Ẹ̀wọ̀n lẹ ń wá yẹn. Físà àlejò kì í ṣe ti iṣẹ́. Ìwé ìrìnnà rẹ̀, tirẹ̀ ni, ẹ ò gbọdọ̀ tì í mọ́ ibì kankan."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fá orí yín tán kẹ́ ẹ tó máa kọ́ mi lọ́gbọ́n!"

Màmá na ọwọ́. "Pe alágbàtà yẹn. Èmi fúnra mi fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀."

Alágbàtà gbé fóònù fún obìnrin tó fẹ́ mú wá náà. Ó gbọ́ èdè wọn díẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo wúwo?"

"Ta ló wúwo, mà? Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ti máa ṣiṣẹ́."

Alágbàtà já fóònù gbà. "Ọ̀rọ̀ aṣọ náà ni, mà! Á máa fọ̀ ọ́!"

Màmá pa fóònù. Ojú gba onígbàjámọ̀ tì.

"Ẹni tí wọ́n tàn wá sílé mi, ọjọ́ tínú bá bí i, ilẹ̀ ló máa jù mí sí," ni màmá wí. "Mi ò fẹ́ ṣubú mọ́."

"Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?" ni onígbàjámọ̀ béèrè.

"Ẹ lè fúnra yín gba ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa," ni oníbàárà dáhùn. "Ìyẹn kì í wọ́n púpọ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sáré gbogbo ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń báni wá òṣìṣẹ́, tó sì ní ìwé àṣẹ ìjọba. Wọ́n á gbowó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á wádìí ẹni náà, wọ́n á sì ṣe ìwé rẹ̀. Ó lè pẹ́ díẹ̀ o, àmọ́ ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"A ò mọ ẹnì kankan lọ́hùn-ún, mi ò sì ráyè sáré ìwé. Ilé iṣẹ́ náà ni ká lọ," ni onígbàjámọ̀ wí.

Nígbà tó yá, obìnrin tí ilé iṣẹ́ náà rán wá dé; ó ti tọ́jú ìyá àgbà tirẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó fọwọ́ kan màmá, ó béèrè pé, "Mà, ẹ̀gbẹ́ wo ló ń dùn yín?" Onígbàjámọ̀ tó ti ń gbé màmá sókè sódò látọjọ́ yìí, kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gba ọmọ ọ̀dọ̀ láti òkè òkun, ẹ yẹra fún alágbàtà tí kò ní ìwé àṣẹ. Físà iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ bá a gbà, ẹ má sì gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó gbéra nílé, kẹ́ ẹ sọ iṣẹ́ náà fún un bó ṣe rí gan-an. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi òbí yín lé lọ́wọ́ nìyẹn.