Ọjọ́ Ìbúra ní Kọ́ríńtì

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Markela bá ọ̀dọ́kùnrin àjèjì kan, lábẹ́ igi mástíkà, tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá erùpẹ̀ funfun kúrò nídìí igi tọkàntọkàn. Òógùn bò ó, oòrùn oṣù Kẹfà sì ti sọ imú rẹ̀ di pupa bíi tòmátì. Gbogbo abúlé wa ní erékùṣù yìí ló ń da erùpẹ̀ funfun yẹn sídìí igi lásìkò náà, kí oje olóòórùn dídùn tí à ń tà má baà dọ̀tí bó bá kán sílẹ̀. Òun nìkan ló ń gbá a dànù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Markela wí. "Ta ló rán yín níṣẹ́ ibi yìí?"

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Ibùsùn ni. Orí rẹ̀ ni omijé igi máa sùn sí."

Markela rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé àpò erùpẹ̀ tirẹ̀, ó bá a dà á padà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Isidoros lorúkọ rẹ̀, pé Mẹ́líbọọ̀n ní Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí, àti pé bàbá bàbá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá ló fi igi wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún un. Ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ èdè wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ arúgbó ló ń jáde lẹ́nu ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn pa Markela lẹ́rìn-ín ju ti ìgbálẹ̀ lọ.

Kí oṣù Kẹjọ tó parí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní abúlé. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣa oje láàárọ̀ kùtùkùtù, Markela ń pè é ní Onígbàálẹ̀ mi, òun náà ń pe Markela ní Ọ̀gá mi. Wọ́n rò pé a ò rí wọn.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè kan wà ní ilé kọfí wa tí ọkùnrin kankan kò lè yẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ pàápàá, torí òfin ilẹ̀ wa sọ iṣẹ́ ṣójà di dandan fún gbogbo ọkùnrin. Bàbá Mikes tó bí Markela ló bi Isidoros. Atukọ̀ ni bàbá yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ló búra pé òun ò tún ní wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ láyé, ó sì di ọdún márùn-ún tó ti dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Níbo lo ti ṣe ṣójà?"

"Mi ò tíì ṣe é, Bàbá."

Isidoros ṣàlàyé pé ìwé ìrìnnà méjì ni òun ní, pé òfin kò ní pe ẹni tó bá ń gbé lókèèrè wọṣẹ́ ṣójà, bí kò bá ṣáà ti lo ju oṣù mẹ́fà lọ níbí lọ́dún. Bàbá Mikes gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi àti Stratis bàbá rẹ, ọjọ́ kan náà ni wọ́n pè wá. Èmi nìkan ni mo lọ. Òun wọ ọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà, ìtìjú kò sì jẹ́ kó lè wá sin bàbá tó bí i. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà méjì, ọjọ́ tí nǹkan bá le, èwo ló máa mú dání? Mi ò ní fọmọ mi fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà."

Isidoros mọ̀ pé kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, oṣù mẹ́fà tí òfin fún Isidoros ku ọjọ́ kan kó pé. Ó bá Markela nídìí tábìlì, níbi tó ti ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ họ ìdọ̀tí kúrò lára oje.

"Ṣé o ò ní ní kí n dúró ni?"

"Mi ò ní sọ ọ́," ni Markela dáhùn, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Bí mo bá sọ ọ́, tí òtútù bá mú ẹ ní bárékè, èmi lo máa bú. Má ṣe é torí bàbá mi, má sì ṣe é torí tèmi."

Ó dúró de ìgbà tí Isidoros jáde kó tó sunkún. Ó sun ún dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ fọn fèrè létí òkun, Isidoros sì dúró ti ẹrù rẹ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀, tí kì í lè parí oúnjẹ Àjíǹde lọ́dọọdún kó tó béèrè bóyá igi àwọn ṣì ń sun oje. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó sì ti sú òun náà láti máa ka ọjọ́ nínú ilé baba ńlá òun. Ọkọ̀ lọ. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó gun òkè lọ sí ọ́fíìsì àwọn ológun, ó buwọ́ lùwé.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà sídìí tábìlì náà. "Torí tèmi ni mo ṣe é. Ó ti sú mi láti máa ka ọjọ́," ló wí.

"Ó sú ẹ láti máa ka ọjọ́," ni Markela wí, "o wá lọ wọṣẹ́ ṣójà, níbi tí wọn kì í ti í ṣe nǹkan mìíràn." Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bárékè tó wà ní Kọ́ríńtì, lódìkejì òkun, ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n fá orí rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Kangarú, bí ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n sì ń mú un yan nínú òjò. Lọ́jọ́ ìbúra, tí àwọn ṣójà tuntun ń búra fún orílẹ̀-èdè, ẹbí ṣójà kọ̀ọ̀kan máa ń wá láti ibi gbogbo, bí àṣà, pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Isidoros ti ní kí Markela má wá, torí òkun ń ru. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó búra. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, àwọn yòókù sáré lọ bá ìyá wọn. Ó dúró lójú kan, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ìgbà náà ló rí Markela tó ń sáré bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Mikes wà nínú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ àtijọ́, tó gbé àwo ńlá lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ funfun bí erùpẹ̀ ìdí igi wa.

"Bàbá, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi?"

"Mo wọ̀ ọ́. Mo sì bì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí o bá sọ fún wọn ní ilé kọfí, kò sí ìyàwó." Ó gbé àwo lé e lọ́wọ́. "Gbé fóònù rẹ wá. Pe bàbá rẹ."

Ó gbé fóònù sétí. "Stratis, Mikes ni. Mo fojú wá ẹ nínú ìlà lọ́jọ́ ìbúra wa, mi ò rí ẹ. Lónìí mo rí ọmọ rẹ níbẹ̀. Ó ti tó. Máa bọ̀ nílé." A gbọ́ pé ẹkún ọkùnrin náà já jáde nínú fóònù débi pé àwọn ṣójà yíjú.

Markela ń fọwọ́ pa orí fífá náà. "Ó dà bí ẹyin," ló wí.

"Ṣé o máa fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti fẹ́ ọ láti ọjọ́ ìgbálẹ̀."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí Isidoros ti parí iṣẹ́ ṣójà, abúlé wa kún dẹ́nu. Stratis ti dé. Igi bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kí kó tó wọlé. Ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó, òun àti Mikes jókòó pọ̀ ní ilé kọfí, ọkọ ìyàwó wà láàárín wọn. Àlejò kan láti abúlé kejì fa àga súnmọ́ ọkọ ìyàwó, ó wò ó tìfuratìfura.

"Ìwọ ará Ọsirélíà, níbo lo ti ṣe ṣójà?"

Isidoros kò tíì la ẹnu tí àna rẹ̀ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Kọ́ríńtì ni," ni Bàbá Mikes wí. "Mo wà níbẹ̀."