Ohùn Simeon ní Winnipeg

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkọ mi lórí rédíò Winnipeg, ọdún méje ti kọjá tí a ti sin ín sí Ìjẹ̀bú-Imusin.

Agogo méjì ọ̀sán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Odogbolu, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, dé ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oòrùn mú débi pé páànù orí ilé ń ró tá, tá. Ayọ̀fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí fún ọkọ mi, ti lọ kàwé ní Winnipeg, ní Kánádà, láti oṣù kẹsàn-án. Òun ló fi rédíò ìlú náà sórí fóònù mi kó tó lọ. Ó ní, "Mummy, bí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ máa mọ irú òtútù tí mo wà nínú ẹ̀." Àárọ̀ ni tiwọn nígbà tó bá di ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Mo gbé fóònù lé tábìlì, mo ń bọ́ bàtà, ni ọkùnrin kan bá fẹ́ ka ìròyìn. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́: "Ó dáa."

Lẹ́yìn náà ló wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé yìnyín ti dí afárá kan.

Òṣìṣẹ́ rédíò ni Olúṣẹ́gun, ọkọ mi. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ka ìròyìn ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan nílùú wa, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í sọ "Ó dáa" kó tó ka ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ bá a wí títí ó fi sú u. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sín in jẹ.

Mo jókòó tòun ti bàtà kan lẹ́sẹ̀, mo gbọ́ ọ títí ó fi parí. Nígbà tó ń dágbére, ó ní Simeon lorúkọ òun. Orúkọ ìrìbọmi ọkọ mi nìyẹn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi pè é, ìyá náà sì ti kú ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé àárò ló fẹ́ dà mí lórí rú. Nígbà tí a gba ìsinmi Kérésì, mo gbé fóònù lọ bá Bọ̀dá Frederick ní Imusin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn ló sì wẹ òkú àbúrò wọn.

Wọ́n tẹ́tí. Ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kò mì, ṣùgbọ́n mo rí i tí irun apá wọn dìde.

"Pa á," ni wọ́n wí.

Mo pa á.

"Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú nígbà tí a ń gbé e sílẹ̀, Susannah. Ọwọ́ mi yìí ni."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

Wọ́n gbé ọkọ́ náà sílẹ̀. Adìyẹ kan ń tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. "Àkúdàáyà ni. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó lọ ń lo ìyókù níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́, òkè Ọya ni wọ́n máa ń sá lọ. Ayé ti wá lu jára báyìí." Wọ́n wò mí lójú. "Má jẹ́ kí ọmọ yẹn débẹ̀. Bí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kàn án, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. A ò sì ní mọ ibi tó gbà."

"Mi ò ní sọ fún un."

Mo ti dìde kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Tàn án padà díẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe tún di ẹni tó lọ́kọ, wákàtí méjì lóòjọ́. Mo máa ń dáná, òun a máa sọ̀rọ̀ lórí tábìlì: ọ̀nà tí yìnyín dí, ajá tó sọnù, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Bó bá sọ pé òtútù mú, mo máa ń ní kó wọ súwẹ́tà. Mo sọ fún un pé òrùlé ń jò níbi tí a máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì sí. Mo sọ fún un pé wọ́n ti fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, pé mo ti sanra díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan pè wọ́n lórí ètò, ó bi í léèrè oúnjẹ tó ń wù ú jẹ jù. Ó ní òun rántí oúnjẹ kan, iṣu tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ata àti ẹja gbígbẹ sè, ṣùgbọ́n òun kò mọ orúkọ rẹ̀, òun kò sì mọ ilé ẹni tí òun ti jẹ ẹ́.

"Ìkókoré ni," ni mo sọ, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ kó pẹ́ lórí rédíò. Lẹ́yìn náà ó fi orin sí i.

Nínú oṣù kẹta ni Ayọ̀fẹ́ pè mí. Kò kí mi. Ó ní kí n wo àwòrán tó fi ránṣẹ́. Inú ìwé ìròyìn ìlú Winnipeg ló ti rí i: ọkùnrin kan jókòó sídìí makirofóònù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ojú òun rìn jìnnà. Ọkọ mi ni. Ó ti hu ewú lẹ́bàá etí. Ọkùnrin tí mo sin kò ní ewú kankan.

"Mummy, ẹnu ò yà yín. Ẹ ti mọ̀," ni Ayọ̀fẹ́ wí.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kọkànlá."

Mo sọ ohun tí Bọ̀dá Frederick sọ fún mi fún un. Mo ní, "Bí o bá lọ, a máa pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ̀yin lẹ máa pàdánù wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn. Wọn ò jẹ́ kí n wọ yàrá ọsibítù, wọn ò jẹ́ kí n rí òkú. Daddy jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó parí."

Lọ́jọ́ kẹrin mo pè é, mo ní, "Lọ. Má pè é. Má fọwọ́ kàn án. Wò ó nìkan."

Ọjọ́bọ̀ ló lọ. N kò dáná lọ́jọ́ náà. Mo gbé fóònù sórí ẹsẹ̀ mi, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi jókòó sórí àga àlejò lọ́hùn-ún, dígí nìkan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ń ka ìròyìn nípa ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ tún kọ́. Ó dé àárín gbólóhùn, ó dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n ti àga sẹ́yìn. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan àfi yàrá tí kò séèyàn nínú rẹ̀, títí obìnrin kan fi wọlé tó ń tọrọ àforíjì.

Wákàtí kan kọjá kí Ayọ̀fẹ́ tó pè.

"Wọ́n jáde wá bá mi. Wọ́n ń rùn bíi káńfọ̀. Mi ò pè wọ́n, Mummy, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní, 'O ti ga.' Yorùbá ni wọ́n sọ. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀ làwọn gbọ́. Òrùlé, ipò tuntun yín, ìkókoré. Wọ́n ní kí ẹ má bínú, pé àwọn ò lè dáhùn. Mummy, kí ni wọ́n gbọ́?"

N kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan pé mo ń bá fóònù sọ̀rọ̀.

Ó ní bàbá òun gba ibi àtẹ̀gùn lọ. Ọkùnrin kan tó gbé kọfí bọ̀ kí i ní orúkọ, Simeon. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa dé yàrá, ó ń béèrè ta ló ń lo àga yẹn. Àwòrán náà ṣì wà lórí fóònù mi títí dòní. Àwọn oníwèé ìròyìn tó yà á ni wọn ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a kiri. Ìlú tó ní rédíò pọ̀ láyé, àti ńlá àti kékeré, mo sì máa ń gbọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ayọ̀fẹ́ náà ń wá a. Ó ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú pamọ́.

Lóṣù tó kọjá, ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, mo dé orí rédíò ìlú kan tó wà létí òkun. Ọkùnrin kan ń ka àkókò tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra. Mo dìde, mo pa fèrèsé, mo padà wá jókòó tì í títí ó fi parí. N kò ní dárúkọ ìlú náà.

Ayọ̀fẹ́ pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe máa ń pè. Ó bi mí léèrè bóyá mo ti gbọ́ nǹkan kan.

"Rárá o, ọmọ mi," ni mo wí. "N kò tíì gbọ́ nǹkan kan."