Ìfọwọ́sí Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì

"Dámisọ́lá, ṣé wọ́n fi àtè lẹ̀ ọ́ mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ni? Oòrùn ń lọ o!"

Ellen, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pariwo lójú fèrèsé. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì kan ni, ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ kan lẹ́bàá Ìkẹ́nnẹ́. Níbẹ̀, tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Sábáàtì dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ló máa kọrin nínú ìsìn, Dámisọ́lá kò sì tíì lọ aṣọ rẹ̀.

"Mò ń bọ̀ jàre. Ó ku ẹyọ kan."

Irin tí wọ́n ń dì mú lórí àtẹ̀gùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni ẹyọ kan náà. Ó ti tú, Àdìsá jórinjórin sì ti ní òun jó o padà lọ́sàn-án. Ó ku kí ẹnìkan lọ wò ó kó sì fọwọ́ sí i, kí kọ̀ǹpútà tó gbà pé iṣẹ́ parí.

Ká sọ tòótọ́, Dámisọ́lá fúnra rẹ̀ ló dá òfin yìí sílẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé girama ni, ó kàn ń fi ìsinmi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àtúnṣe ni. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wá fi kọ̀ǹpútà rọ́pò ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ohun tó bàjẹ́ sí, ìpele méjì ló ṣètò: ẹni tó mú ẹjọ́ wá, àti ẹni tó ṣe àtúnṣe. Dámisọ́lá bá da ọ̀rọ̀ sí i: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa se ọbẹ̀ tán tó máa ní ọbẹ̀ òun kò níyọ̀?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Lánípẹ̀kun, ọ̀gá wọn, ní kí wọ́n fi ìpele kẹta kún un: òun ni yóò máa fojú rí iṣẹ́, tí yóò sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀gá kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, ó fún Dámisọ́lá ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà.

"Kọ́kọ́ lọ wò ó o, kí o tó fọwọ́ sí i," ni ó wí. "Ojú rẹ ni ojú mi."

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Dámisọ́lá wo oòrùn, ó wo Ellen. Ṣebí Àdìsá, àgbàlagbà ọkùnrin, ló ní òun ti ṣe é? Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá, ó fọwọ́ sí i, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ Àìkú, Ìyá Hàbíbátù tó ń gbálẹ̀ ilé náà gbé garawa omi lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di irin mú. Irin yọ. Ìyá ṣubú, apá rẹ̀ sì kán.

"Iná ló lọ kí n tó jó o tán," Àdìsá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. "Mo rò pé bí ọ̀gá bá wò ó, wọ́n á ní kí n padà wá."

Ọ̀gbẹ́ni Lánípẹ̀kun pe Dámisọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, ṣé o lọ wò ó?"

Dámisọ́lá wò ó lójú. "Mo lọ, sà. Ó dúró dáadáa."

Ọ̀gá gbà á gbọ́. Nígbà tí alákòóso kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, kò dárúkọ ọmọ kankan. Ó kọ ọ́ pé òun lòun fọwọ́ sí i. Kíá ni ìròyìn tàn pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ níṣẹ́, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún.

Ìròyìn náà dé etí Dámisọ́lá. Ó ra ọsàn, ó lọ kí ìyá náà nílé rẹ̀ ní Mákùn. Ó ti pinnu láti jẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀gá yín o. Bàbá yẹn kì í purọ́. Bó bá ní òun wò ó, ó wò ó. Kádàrá mi ni."

Ojú ti Dámisọ́lá débi pé kò lè jókòó, ó dìde lọ láìjẹ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ níwájú alákòóso àti ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ dákun, n kò lọ wò ó. Oòrùn ló ń wọ̀, mo sì ń kánjú. Irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá mi."

Wọn kò yọ Ọ̀gbẹ́ni Lánípẹ̀kun, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi lé ọmọdé lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìsinmi Dámisọ́lá dópin lọ́jọ́ náà. Apá Ìyá Hàbíbátù san, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́.

Ọ̀gá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ń tiro. "Kíkánjú rẹ, mo lè gbàgbé ìyẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo bi ọ́, o sì wò mí lójú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò rí, ẹ̀rí èké ló jẹ́. Ẹlòmíràn ló máa gbára lé ẹ̀rí náà, ẹlòmíràn yẹn ló sì máa ṣubú.