Ẹnubodè Wà Níbẹ̀, Mojeed Gba Inú Igbó

Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ìsẹ́yìn. Mojeed ń di aṣọ òkè tó hun sínú ọ̀rá ńlá kan, ó ń fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ìyá rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ràsáàkì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ràsáàkì ni àkọ́bí rẹ̀. Mojeed ni àbíkẹ́yìn, òun ló sì jogún iṣẹ́ aṣọ híhun lọ́wọ́ baba wọn.

"Mojeed, ṣé dandan ni kó jẹ́ òní? Òjò ọdún yìí pọ̀ jù."

"Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Oníbàárà mi ní Ṣábẹ́ ti ń retí ẹrù yìí tipẹ́. Bí mo bá tún falẹ̀, ẹlòmíì ló máa gba iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́."

Ṣábẹ́ wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n níbẹ̀, àmọ́ ààlà tí àwọn òyìnbó fà ti sọ ará ilé di àlejò. Ìyápọ̀ ọlọ́kadà ló fẹ́ gbé Mojeed lọ. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, Ìyápọ̀ sì mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó tó wà lẹ́yìn Ṣakí.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ayọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ó kí ìyá, ó kí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì, ó wá wo ẹrù náà.

"Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà?"

"Ọ̀nà igbó ni, Bàbá Ayọ̀," ni Mojeed dáhùn. "Ìyápọ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó."

"Kí ló dé tí ẹ ò gba ẹnubodè?"

Mojeed rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. "Ẹ ò mọ ohun tójú mi rí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni. Wọ́n tú ẹrù mi sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní mi ò ní ìwé, wọ́n fi mí jókòó sínú oòrùn títí ọjọ́ fi rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Wọn ò ṣe ẹnubodè fún àwa mẹ̀kúnnù."

"Wọ́n ṣe é fún wa. Nínú àjọ ECOWAS, ẹni tó bá ti ní ìwé ìrìnnà..."

"ECOWAS kẹ̀!" Ìyápọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Àwọn tó ń wọ bàálù lọ sípàdé l'Ábújá ló ni ECOWAS, Bàbá Ayọ̀. Ṣé ECOWAS mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn ni?"

"Ẹ sún ìrìnnà yìí síwájú díẹ̀, ká jọ lọ ṣe ìwé yẹn."

"Bí mo bá dé, a ó jọ sọ ọ́, Bàbá Ayọ̀. Ẹ máa dé ibi iṣẹ́ láyọ̀."

Ọ̀kadà gbéra. Wọ́n gba ìlú Òkáká kọjá, wọ́n dorí kọ ọ̀nà Ṣakí.

Ìyápọ̀ nìkan ló padà wá.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kejì ni. Ìyá Ràsáàkì ń ṣa ìrẹsì lórí atẹ nígbà tó rí i tó ń bọ̀ láìwọ bàtà, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ìyá wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ẹnìkejì.

"Mojeed ńkọ́?"

Ìyápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dojú délẹ̀. Atẹ ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

Odò tó pààlà Nàìjíríà àti Benin ti kún kí wọ́n tó débẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè fẹsẹ̀ là á kọjá, ṣùgbọ́n lásìkò òjò, àfi ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ ti gbó. Ẹ̀rù àwọn aṣọ́bodè tó ń kiri inú igbó ń ba ọlọ́kọ̀, ló bá ní òun á gbé ọ̀kadà, ẹrù àti àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín odò, ọkọ̀ yí dànù. Ọlọ́kọ̀ wẹ̀ jáde, ó sá lọ. Ìyápọ̀ rí gbòǹgbò igi kan dì mú.

Mojeed mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti so okùn ẹrù náà mọ́ ìdí ara rẹ̀ kí omi má baà gbé e lọ. Aṣọ òkè tó ti mumi yó wúwo bí òkúta. Òun ló fà á lọ sísàlẹ̀.

"Mo pariwo, Ìyá," ni Ìyápọ̀ ń sọ lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ta ló máa gbọ́ nínú igbó?"

Ìsàlẹ̀ odò, ní ìhà Benin, ni wọ́n ti rí òkú. Àwọn àgbẹ̀ abúlé kan níbẹ̀ wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn ti wí. Ìyápọ̀ tó padà lọ wádìí létí odò ló gbọ́ ọ, tó sì wá sọ fún wọn nílé.

Lẹ́yìn àdúrà fídáù, nígbà tí èrò ti dínkù nínú ilé, Ìyá Ràsáàkì sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí."

Ràsáàkì gbìyànjú láti pẹ̀tù sí i lọ́kàn. "Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ fà, Ìyá mi. Bó bá ti fà, Ìyápọ̀ á mú wa gba..."

"Ràsáàkì! Ọ̀nà tó pa ọmọ mi ni kí n tọ̀? Ẹ kúkú gbẹ́ ilẹ̀ tèmi náà kalẹ̀ kí n tó lọ."

Ògúndìran, tó wá bá wọn kẹ́dùn, ló dá a lóhùn.

"Ẹ ò ní gba igbó, Ìyá. Ẹnubodè lẹ máa gbà, lójú gbogbo ayé."

"Ta ni mo jẹ́ tí wọ́n á fi ṣí i fún mi?"

"Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ECOWAS. Ìyẹn nìkan tó."

"Kí ni ECOWAS yìí gan-an?" ni Ràsáàkì bi í. "Orúkọ rẹ̀ là ń gbọ́ lórí rédíò."

"Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Lọ́dún 1975 ni àwọn ìjọba wa tọwọ́ bọ̀wé ní Èkó pé àwọn á jọ máa ṣètò ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé ará ìlú. Wọ́n rí i pé kò sí èyí tó lè dá ṣe é nínú wọn. Àìsàn kì í mọ ààlà, màlúù kì í mọ̀ ọ́n, ebi náà kì í mọ̀ ọ́n. Lóde òní, bí ọ̀rọ̀ kan bá kan gbogbo wọn, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á jókòó lé e lórí. Àwọn mínísítà á yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé aṣòfin àjọ náà á dá sí i, àwọn aṣojú Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ó ku kí ìjọba kọ̀ọ̀kan mú un ṣẹ nílé tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń dẹnu kọlẹ̀."

"Òfin ti ọ̀nà ńkọ́?"

"Ó ti wà láti ọdún 1979. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà, kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀, láìgba físà."

"Aṣọ tó gbé dání ńkọ́?"

Ògúndìran mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ni aṣọ òkè. Wọ́n ti fẹnu kò pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó ibodè lórí rẹ̀ láàárín ara wọn. Irè oko bí a ṣe kó o lóko náà bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ràsáàkì gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti wú, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Bàbá Ayọ̀, àtìgbà wo lẹ ti mọ gbogbo èyí?"

"Ó ti pẹ́, Ìyá."

"Ẹ ò sì pariwo rẹ̀ létí ọmọ mi."

Ògúndìran dorí kodò. "Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ̀bi. Wọ́n ṣe òfin, a kó o sínú fáìlì, a ò gbé e dé ìdí òfì tí ẹ ti ń hun aṣọ. Mojeed ò sì parọ́ o. Àwọn aṣọ́bodè kan ń fìyà jẹ èèyàn lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tètè rí gbá mú."

Ọ̀fíìsì àwọn aṣọ́bodè ìrìnnà, àwọn tí a ń pè ní ìmígíréṣọ̀n, ni Ràsáàkì àti ìyá rẹ̀ ti gba ìwé ìrìnnà ECOWAS n'Ìbàdàn. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, wọ́n fún wọn ní káàdì rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n wọ mọ́tò dé ẹnubodè.

Aṣọ́bodè tó gba ìwé wọn yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ìyá, kí lẹ mú wá fún àwa ọmọ yín?"

"Ọ̀gá, ìwé wa pé," ni Ràsáàkì sọ. "Bí owó kan bá wà tí òfin ní ká san, ẹ já rìsíìtì fún wa, a ó san án."

Ọkùnrin náà wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìdúró, ó kọjú sí ẹlòmíì. Ràsáàkì kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó rọra ka orúkọ tí wọ́n kọ sí àyà aṣọ ọkùnrin náà jáde lẹ́nu. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ sí ìwé wọn, wọ́n sì kọjá.

Lápá kejì, Ìyá Ràsáàkì dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé ó ti tán nìyẹn?"

"Ó ti tán, Ìyá mi."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ Mojeed, ẹkún rẹ̀ kò tíì jáde tó báyìí. "Ibi tó kéré báyìí," ló ń sọ. "Ibi tó kéré báyìí ni ọmọ mi sá fún tó fi lọ kú."

Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jẹ́ẹ́dé, ọ̀kan nínú àwọn tó sin ín, ló mú wọn dé ojú oórì. Abẹ́ igi ẹ̀mí kan ni, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, lẹ́yìn oko rẹ̀. Ó fọwọ́ han ìyá, ó sì bọ́ fìlà.

"Òun nìyí. A ò mọ orúkọ rẹ̀, a kàn ní kí Ọlọ́run foríji ọmọ tí odò gbé wá."

"Mojeed ni," ni ìyá sọ. "Mojeed ọmọ Àdìgún, ará Ìsẹ́yìn."

Jẹ́ẹ́dé tún orúkọ náà pè kó má baà gbàgbé. Nígbà náà ni Ràsáàkì rí àwọn ebè mìíràn lábẹ́ igi náà, tí koríko ti ń bò. Ó rò pé ebè iṣu ni.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí, Bàbá?"

"Àwọn tó ti odò yẹn wá náà ni. Ọdọọdún ni. Àwọn ìyá tiwọn ò tíì wá."

Ìyá Ràsáàkì ṣàdúrà lórí gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí èèyàn ti ń dárúkọ òkú, ó ní, "ọmọ tí odò gbé wá," ó sì tẹ̀síwájú.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ̀yin tí ẹ ń hun aṣọ, tí ẹ ń gbin iṣu àti ọkà, tí ẹ ní ará àti oníbàárà lẹ́yìn ààlà, ẹ má fi ẹ̀mí yín wéwu nínú igbó. Ẹ lọ gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ìmígíréṣọ̀n, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ọjọ́ ìrìnnà tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ìjọba fòfin de ọjà tí ẹ fẹ́ gbé, nítorí òfin máa ń yí padà. Mali, Niger àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú àjọ náà, ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí. Bí aṣọ́bodè bá bèèrè owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ wo orúkọ àyà rẹ̀, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè ohun tí wọ́n ń sọ lórúkọ yín nínú àjọ náà, nítorí ìpinnu tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ ń dé ilé yín.

Kí ẹni tó bá mọ̀ sọ fún ẹni tí kò mọ̀, kó sì sọ ọ́ tán. Àyè oórì mìíràn ṣì wà lábẹ́ igi ẹ̀mí yẹn.